Dídá Sọ́fítíwià Padà sí Ẹ̀dà Àtijọ́ Lórí Linux

Inú ìdì ni sọ́fítíwià Linux máa ń wà, ìdì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà ẹ̀dà tirẹ̀. Apt, tó ń kó ìdì wọlé lórí Debian àti Ubuntu, á fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, á sì mú èyí tó ga jù. Iwájú nìkan ló mọ̀. Bí ẹ̀dà tuntun bá ní àléébù, tí àwọn tó ń di ìdì náà sì gbé ti àtijọ́ padà síta, ẹ̀rọ tó ti ní ti tuntun kò ní yíjú sí i.

Ọ̀rọ̀ xz, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, ló fi èyí hàn jù. Andres Freund, ẹlẹ́rọ sọ́fítíwià kan, ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ ssh, irinṣẹ́ tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ pinpin rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 2024, ó kéde pé wọ́n ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Debian padà sí 5.4.5, ṣùgbọ́n 5.6.1+really5.4.5-1 ni wọ́n pè é. Apt rí 5.6.1 níwájú àti àfikún lẹ́yìn, ó gbà pé ọjà tuntun dé. Ẹ̀tàn ni, àmọ́ ẹ̀tàn tó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ là.

Ọ̀nà kejì ni epoch: nọ́ńbà kan àti àmì kólọ́ọ̀nù níwájú, bíi 1:5.4.5, tó ń borí nọ́ńbà yòówù tí kò ní irú rẹ̀. Kò ṣeé yọ mọ́ láéláé, ìdí nìyẹn tí +really fi dáa jù: bí 5.6.2 bá dé, +really fúnra rẹ̀ á pòórá.

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà lè ní kí apt mú ẹ̀dà kan pàtó, kó fi àmì = so orúkọ ìdì mọ́ nọ́ńbà rẹ̀, kó sì fi apt-mark hold dè é mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fowó ara rẹ̀ ra dátà ní Adó-Èkìtì yóò fẹ́ mọ̀ pé apt-get máa ń tọ́jú ìdì tó bá gbà wálẹ̀ sínú /var/cache/apt/archives, nígbà tí apt máa ń pa á rẹ́ ní kété tó bá ti fi í sórí ẹ̀rọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀, dpkg -i, àṣẹ tó ń fi fáìlì ìdì sórí ẹ̀rọ tààrà, á dá a padà láìná kọ́bọ̀; á kìlọ̀ pé òun ń lọ sẹ́yìn, á sì ṣe é.

Fáìlì tí ẹ̀dà tuntun ti yí padà ni dpkg kò lè tún ṣe. Bí àpẹẹrẹ, láti ẹ̀dà 67 ti Firefox, ètò tí a fi ń wo ìkànnì ayélujára, ní 2019, bí ẹ̀dà àtijọ́ bá bá àkójọ ìlò ẹni (profile) tí ẹ̀dà tuntun ti lò pàdé, kò ní ṣí i. Á ní kí oníǹkan ṣe tuntun.