Ìtúsílẹ̀ Kọ́ Ni Fírídọ́ọ̀mù

Ẹ pe "ìdáǹdè" létí èrò ní Rye Lane, ní Peckham ní London, lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ wá wo ohun tó máa sọ sí wọn lọ́kàn: ìsọjí, òróró, pásítọ̀ tó ń lé ẹ̀mí àìmọ́. Ìjọ Yorùbá pọ̀ ní Peckham, àwọn ló sì ni ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ kí á máa pe ìtàn bí obìnrin ṣe bọ́ lóko ẹrú ní ìtàn ìdáǹdè.

Níbo la ó ti wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi túmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nígbà náà? Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ, ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí lọ́dún 1933, ti la ọ̀nà. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford, ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ̀wé lórí ipò Ìyálóde, ó sì dá ibùdó ìwádìí WORDOC sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1987 láti máa kó àkọsílẹ̀ nípa obìnrin jọ. Kò gbára lé ìwé àwọn òyìnbó nìkan. Oríkì pàápàá ṣe ẹlẹ́rìí fún un.

Ẹnu àwọn tó ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá da "òṣìṣẹ́" bo gbogbo wọn, ìtàn bàjẹ́ nìyẹn. Alágbàṣe ń gbowó. Ẹni tó ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀ kì í gbà á. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà a máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé lórí owó tí ará ilé rẹ̀ yá, olówó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tà á bí ẹrú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ obìnrin, olówó lè fi ṣaya, kí gbèsè di owó orí. Ẹ sì rántí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa lọ́dún 1874: obìnrin ni, ó sì ni ẹrú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tó bá ń kọ nípa "òmìnira obìnrin" ní láti sọ obìnrin wo.

Òfin ìlú tí a wà yìí gan-an le ju bẹ́ẹ̀ lọ láti túmọ̀. Òfin 1833 tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ya ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún owó gbà-má-bínú, àwọn olówó ẹrú ni wọ́n sì fi bẹ̀. (Ta ló yẹ kó bínú?) Láti oṣù kẹjọ 1834, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ẹrú di ohun tí wọ́n pè ní ọmọ iṣẹ́, títí di 1838. Ọmọ iṣẹ́ kẹ̀! Aṣerunlóge tó kọ́ṣẹ́ ní Mushin kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Peckham mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ohun tí yóò fi jẹun lọ́la. Kí ni ẹni tó ti ń gé ìrèké láti kékeré tún fẹ́ kọ́? Ẹrú onígbèdéke ni màá pè é.

Aṣerunlóge yẹn náà ló ní ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Ọjọ́ tó kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ṣe fírídọ́ọ̀mù: ọ̀gá gbàdúrà fún un, ó fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n jẹ ìrẹsì. Ẹ má sọ fún mi pé èdè òyìnbó ni, tábìlì ńkọ́?

Ibi tí mo ti fẹ́ lò ó nìyí: ìwé tí òpìtàn Kristin Mann kọ nípa Èkó, tó jáde ní 2007, ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861, ọ̀pọ̀ ẹrú ṣì wà lábẹ́ olówó wọn nítorí ibùgbé, ilẹ̀ àti ìṣòwò. Bí mo bá ń túmọ̀ rẹ̀, ìtúsílẹ̀ ni màá pe ohun tí òfin ṣe fún wọn, màá sì fi fírídọ́ọ̀mù pamọ́ de obìnrin tó rí yàrá àti àtẹ tirẹ̀.