Òdòdó
Lónìí, ìtànná gbogbo ni à ń pè ní òdòdó, bó funfun bó dúdú, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà, pupa fòò pẹ̀lú ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì Yorùbá ti lò ó ní Aísáyà 1:18. Ìtumọ̀ méjèèjì pàdé lára Scadoxus multiflorus, asùn-lẹ́ẹ̀rùn-jí-lákọ́rọ̀ (èmi ni mo kì í bẹ́ẹ̀), tí ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà, tí ọyẹ́ ń pa ewé rẹ̀ rẹ́ pátápátá, tí òjò àkọ́kọ́ sì ń yọ ọ̀pá rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtànná tí ó lè tó 200, roboto, kí ewé tó gbilẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín sọ́gbà, kí ó má bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà. Kí ó sì so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí májèlé ni òdòdó náà.