Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Virtual Reality

Ní àwọn gáréèjì wa, bíi Old Garage ní Òṣogbo, olóògùn kì í fi ẹnu nìkan polówó. Á na ọwọ́ sí àwòrán ikùn àti kíndìnrín kí èrò ọkọ̀ lè mọ ibi tí àìsàn ń gbé. Ó mọ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣé àwọn ilé ìwòsàn náà mọ̀ ọ́n?

Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, nítòsí wa níbí. Ní 1956, Dókítà David Morley dé sí Wesley Guild Hospital, Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, wọ́n sì ń sàmì ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Ìyá ọmọ ló ń gbé káàdì náà lọ sílé. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà; bí ó bá ń wálẹ̀, ewu ń bọ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé kà lè fojú rí i. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Àbúrò káàdì yẹn ni virtual reality. Ní 1968, Ivan Sutherland ti ń ṣe awò tí ènìyàn ń dè mójú láti rí ohun tí kọ̀ǹpútà yà. Lónìí, ilé iṣẹ́ Surgical Theater ní Amẹ́ríkà ń sọ àwòrán CT àti MRI di ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè rìn wọ inú rẹ̀: á rí kókó inú ọpọlọ rẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Nílé, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní Èkó ní 2016, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ iṣẹ́ awò yìí.

Ṣùgbọ́n awò nìkan kò tó. Ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù abẹ, ó ń bẹ̀rù oorun tí wọn yóò fi kùn ún, ó sì ń rò ó bóyá òun yóò jí. Bí ohùn inú awò bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìyá àgbà ará Ìjẹ̀ṣà á rí àwòrán, kò ní gbọ́ àlàyé. Yóò kàn tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù tí kò yé e.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wà. A lè bẹ̀rẹ̀ láìsí awò kankan: ká jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì, ká wá ọ̀rọ̀ tó já gaara fún oògùn akunilóorun, ẹ̀jẹ̀ gbígbà àti ìrora lẹ́yìn abẹ, ká sì gbà á sínú fóònù. Ẹni tó ń fọwọ́ síwèé yẹ kó mọ ohun tó fọwọ́ sí.