Ẹjọ́ Akúra ní Paris, 1659

Nílé wa, bí ọmọ kò bá tètè dé, ìyàwó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ní Faransé ayé àtijọ́, ọkùnrin náà ń jẹ́jọ́, ẹjọ́ ọ̀hún sì burú.

Ìjọ Kátólíìkì kò fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀. Lára ọ̀nà díẹ̀ tí ìyàwó lè gbà bọ́ ni pé kó sọ pé akúra ni ọkọ òun. Bí àyẹ̀wò dókítà kò bá yanjú ọ̀rọ̀, ilé ẹjọ́ lè ní kí tọkọtaya wọ orí bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn dókítà àti agbẹ̀bí dúró nítòsí láti yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà. "Congrès" ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1653 ni ọlọ́lá kan, Marquis de Langey, gbéyàwó. Lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyàwó pè é lẹ́jọ́. Langey fúnra rẹ̀ ló béèrè fún congrès, bóyá ìgbéraga ló tì í. Ní 1659 wọ́n mú wọn wọ ilé ìwẹ̀ kan, èrò kún ìta. Wọ́n dúró títí, nǹkan kò dìde. Ilé ẹjọ́ tú ìgbéyàwó ká, wọ́n ní kó dá ẹrù ìyàwó padà, kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Gbogbo Paris fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó kúkú fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ méje ni obìnrin náà bí fún un!

Kí nǹkan ọkùnrin tó lè le, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí dáadáa. Ìbẹ̀rù máa ń fún iṣan wọ̀nyẹn pọ̀. Ta ló fẹ́ ṣe é pẹ̀lú agbẹ̀bí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn àti èrò lójú títì? Lójú tèmi, ìdánwò náà ló ń sọ ọkùnrin di ohun tí wọ́n ní ó jẹ́. Ní 1677, ilé ẹjọ́ gíga Paris fòfin dè é.

Ìtìjú kò bá a lọ. Ní 1992, ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí dókítà yé lo "impotence", kí wọ́n máa sọ "erectile dysfunction", torí orúkọ àkọ́kọ́ ń tàbùkù ènìyàn. Viagra gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ ní 1998. Àmọ́ kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló ń fà á: àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ba iṣan jẹ́, ti nǹkan ọkùnrin sì kéré ju ti ọkàn lọ, ibẹ̀ lè kọ́kọ́ fi àìsàn hàn. Ọkùnrin tó ń fi ìtìjú ra àgbo "manpower" ní gáréèjì, tí kò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, lè má mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún un.