Nígbà tí Kóòdù Bá Takora

Ní Enugu, ìbáà jẹ́ ní yunifásítì ESUT tó wà ní Agbani tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga IMT láàárín ìlú, bí olùkọ́ bá pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún kí wọ́n jọ ṣe áàpù fóònù, Gẹ̀ẹ́sì, Ìgbò àti Píjìn ni wọn yóò fi ṣe é. Ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wọn á mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n bó bá délé tí àbúrò rẹ̀ ní kó kọ́ òun, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa tú síta. Èyí ń dùn mí, nítorí àtúnṣe rẹ̀ kò le.

Orúkọ nǹkan ni a máa ń sáré ṣẹ̀dá. A ti ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, a ní ayélujára. Àwọn kan tún ń pe áàpù ní ìṣàfilọ́lẹ̀. Mi ò bá áàpù jà ní tèmi: ó kúrú, ó sì ti yé tọmọdé tàgbà. Ibi tó ti ń há ni ohun tí ẹgbẹ́ ń sọ síra wọn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ wo Git, tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, gbé jáde ní 2005, tí ẹgbẹ́ fi ń tọ́jú kóòdù. Ibi tí kóòdù ń gbé, àká ni mo ń pè é, torí ibi tí à ń kó nǹkan sí tí a sì ń bù níbẹ̀ ni àká. Ẹni tó bá fẹ́ dán nǹkan wò láìba iṣẹ́ àwọn yòókù jẹ́ á ya ẹ̀ka. Bó bá ṣe é tán, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo wọn.

Ká ní áàpù owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe, láti Ogbete dé Abakpa. Ẹnì kan kọ 300 sí ìlà kan. Ẹlòmíràn, nínú ẹ̀ka tirẹ̀, kọ 400 sí ìlà yẹn gan-an. Git ò ní bá wọn yan ọ̀kan. Á to méjèèjì sílẹ̀, á fi àmì là wọ́n láàárín, á sì dúró de èèyàn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe èyí ní ìjà. Ta ló bá ta jà? Ọ̀rọ̀ méjì tí kò lè jọ jẹ́ òótọ́ ló pàdé: ìtakora ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ pé kóòdù wọn takora á mọ̀ pé kí àwọn jókòó, kí àwọn fẹnu kò. Ẹni tó gbọ́ ìjà á máa wá ẹlẹ́bi.

Àṣìṣe inú kóòdù ńkọ́? Kòkòrò kò dára, torí a ti fi pe ohun tó ń ran kọ̀ǹpútà bí àrùn. Àléébù tó o.

Orúkọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló fa àríyànjiyàn jù. Àwọn kan fẹ́ àáró. Ṣùgbọ́n nínú àáró, oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ náà, ẹnì kan ló ni iṣẹ́ tó bẹ èèyàn sí. Áàpù yìí, gbogbo wọn ló ni ín lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ àjọṣe ni mo fara mọ́.

Irú ọ̀rọ̀ wíwá yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, Fáfúnwá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kí ẹ̀kọ́ tó lè lọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí onímọ̀ èdè nì, Bámgbóṣé, ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 fún àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní tiwọn. Ti oníkọ̀ǹpútà ṣì ń dúró de àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì ọ̀rọ̀ kan nínú àká wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù: Yorùbá lápá kan, Ìgbò lápá kejì, kí ẹ̀ka àti alaka jọ wà lórí ìlà kan. Ẹni tí ìtakora kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó ya ẹ̀ka, kó kọ tirẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn yòókù yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dà á pọ̀.