Láptọ́ọ̀pù olówó ńlá fún iṣẹ́ àti géèmù: ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kó tó sanwó

Ní Mọ́kọ́lá, láti ẹ̀bá Cultural Centre títí dé abẹ́ bíríjì, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù kọ́ èjìká. Inú ẹ̀rọ yẹn ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá: ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ayàwòrán ilé wà níbẹ̀, ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́ láti ilé náà wà níbẹ̀. Bó bá di alẹ́, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù EA Sports FC tàbí kí wọ́n fi ṣeré Call of Duty.

Láptọ́ọ̀pù tó lè ṣe méjèèjì dáadáa wà, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ASUS gbé ROG Zephyrus G14 ti ọdún 2024 jáde, nǹkan bíi dọ́là 1,600 ni wọ́n ń ta èyí tó ní RTX 4060 ní Amẹ́ríkà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 470, nítorí náà irú owó bẹ́ẹ̀ ì bá jẹ́ náírà 752,000. Nígbà tí dọ́là dé náírà 1,500 lọ́dún 2024, ó di mílíọ̀nù 2.4, láìtíì ka owó ẹrù, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè oníṣòwò. Òṣìṣẹ́ tó ń gba náírà 70,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù lóṣù keje ọdún 2024, yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá láìjẹ láìmu kó tó lè rà á.

Nítorí náà, kò yẹ kí orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ nìkan tan oníbàárà. Ohun tó ṣe kókó ni bí ẹ̀rọ ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí iná ilé ẹni àti nínú ooru yàrá ẹni, àti bóyá wọ́n á lè tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Orúkọ kan náà, agbára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

GPU ni ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù sójú kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń mú kí fídíò tètè jáde fún ẹni tó ń gé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá kọ RTX 4060 sí lára ló dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. NVIDIA tó ṣe é fàyè gba kí ilé iṣẹ́ tó ń to láptọ́ọ̀pù fún un ní iná láti wáàtì 35 títí dé 115, wọ́n sì tún lè fi díẹ̀ kún un nígbà tí ọwọ́ ẹ̀yà yòókù bá dilẹ̀. Zephyrus G14 ti 2024 kò kọjá wáàtì 90. Lenovo Legion Pro 5 ti 2023, tó nípọn jù ú lọ, lè gbé e dé 140. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ eré tí wọ́n ń sá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ kó ṣí NVIDIA Control Panel, kó tẹ Help, kó tẹ System Information, kó wá wo ibi tí wọ́n kọ Maximum Graphics Power sí. Kó tún wo iye GB tó wà nínú GPU fúnra rẹ̀. RTX 4060 àti RTX 4070 ti láptọ́ọ̀pù, 8GB ni àwọn méjèèjì ní. Ẹni tó fowó kún owó nítorí ibi ìkó-nǹkan-sí yìí kò rí nǹkan kan gbà.

Ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ohun tó fi ń díye

Zephyrus G14 yẹn kò ju kìlógírámù 1.5 lọ. Ẹni tó ń wọ máíkírà láti Mọ́kọ́lá lọ sí Bódìjà lójoojúmọ́ á gbádùn rẹ̀. Legion Pro 5 tó nǹkan bíi kìlógírámù 2.5, ká má tíì ka ṣájà tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù kékeré. Àmọ́ nínú G14, òjé ni wọ́n fi lẹ RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ra 16GB ti ra 16GB títí ayé ẹ̀rọ náà. Ti Legion ṣeé yọ, èèyàn lè fi kún un nígbà tówó bá dé.

Fún géèmù nìkan, 16GB ṣì ń gbìyànjú. Fún ẹni tó ń gé fídíò 4K, tó sì ṣí Chrome ogún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 32GB ló dáa. Tí RAM bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé yọ, kéèyàn ra èyí tó máa tó o láti ìbẹ̀rẹ̀. SSD tí wọ́n ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí ṣeé pààrọ̀ nínú méjèèjì.

Ojú kọ̀ǹpútà

Hz ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà ń tún àwòrán yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ 60. Tó bá ti dé 120, géèmù á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. 240 wà fún àwọn tó ń figagbága. OLED tó wà lára G14 ń gbé àwọ̀ jáde bó ṣe yẹ, ó sì dáa fún oníṣẹ́ fọ́tò. Ṣùgbọ́n tí àwòrán kan bá dúró sójú kan lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, tí ìmọ́lẹ̀ sì wà lókè pátápátá, ojú ibẹ̀ lè lápá tí kò ní lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná Ìbàdàn

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé. Bátìrì G14 jẹ́ 73Wh. Tí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 10 nídìí ìwé kíkọ, ó lè lo wákàtí méje. Tó bá ń jẹ wáàtì 70 nídìí géèmù, wákàtí kan péré ni. Láfikún, GPU kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí kò bá sí lórí ṣájà. Kò sí láptọ́ọ̀pù géèmù tó ń ṣeré gidi láìsí iná.

Ṣájà rẹ̀ jẹ́ wáàtì 180. Tó bá fà á tán fún wákàtí mẹ́rin, kìlówáàtì-wákàtí 0.72 nìyẹn. Lórí náírà 225 tí NERC gbé owó iná Band A dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 162 ni. Owó iná kọ́ ni wàhálà, àìsí iná ni. Bátìrì inverter 12V 200Ah kan ní 2,400Wh nínú. Tó bá jẹ́ oníásíìdì, kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì lọ. Láptọ́ọ̀pù yìí nìkan á jẹ ìdajì yẹn tán kó tó pé wákàtí méje nídìí géèmù, ìyẹn tí kò bá sí fáànù àti gílóòbù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lásán lè lo ṣájà USB-C ti wáàtì 100, inverter á sì gbé e pẹ́.

Ṣájà láptọ́ọ̀pù sábà máa ń gba iná láti fóòtì 100 sí 240. Iná tó rẹlẹ̀ kì í sáábà bà á jẹ́. Èyí tó fò sókè lójijì nígbà tí NEPA mú iná dé ló ń pa á. Kéèyàn yọ ṣájà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí iná bá lọ, kó sì dúró díẹ̀ kó tó kì í bọ̀ ọ́ padà.

Windows wo ló wà nínú rẹ̀?

Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Láti ìgbà náà, Windows 11 ló yẹ kéèyàn rà, òun sì ń béèrè TPM 2.0. Géèmù bíi Valorant kì í ṣí lórí Windows 11 tí TPM 2.0 àti Secure Boot kò bá sí ní títàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni àwọn láptọ́ọ̀pù Windows olówó ńlá tó ní Snapdragon X ti wà lọ́jà. Bátìrì wọn máa ń pẹ́, wọ́n dáa fún ọ́fíìsì, àmọ́ ọ̀pọ̀ géèmù ni kì í ṣiṣẹ́ lórí wọn.

Ìdánwò kí owó tó jáde lápò

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nígboro àti ní Òtìgbà, Ìkẹjà, ló jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á kó ṣe nǹkan márùn-ún yìí nínú ṣọ́ọ̀bù:

1. Kó ṣí Command Prompt, kó kọ powercfg /batteryreport. Kó fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Tí àkọ́kọ́ bá ti wálẹ̀ sí ìdajì èkejì, bátìrì ti gbó.

2. Kó ní kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń béèrè àkáǹtì ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé kan, ẹ̀rọ oníǹkan ni. Kó fi í sílẹ̀.

3. Kó wo BIOS bóyá páásìwọ́ọ̀dù wà lórí rẹ̀.

4. Kó gbé géèmù tàbí iṣẹ́ fídíò tó wúwo sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ṣájà. Tí eré rẹ̀ bá já wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru ti ń dí i lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ lè ti dí fáànù, tàbí kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

5. Kó fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wo wáráńtì lórí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tó ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí oníbàárà jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì, pẹ̀lú iye GB RAM, orúkọ GPU àti nọ́ńbà ara ẹ̀rọ.

Èwo wá ni kéèyàn rà?

Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ rìn lójoojúmọ́, tí géèmù jẹ́ ìgbafẹ́ alẹ́ fún un, irú Zephyrus tó fẹ́lẹ́ ló bá a mu, bó bá lè ra èyí tó ní 32GB lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì, tó fẹ́ lò ó fún ọdún márùn-ún, irú Legion tó nípọn, tó ṣeé tú, tó sì ṣeé fi RAM kún ló máa sanwó fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì tó fún ẹ̀rọ àti ọ̀nà iná papọ̀, kó kọ́kọ́ wá ojútùú sí iná. Láptọ́ọ̀pù mílíọ̀nù méjì tí kò rí iná kò lè gé fídíò tí oníyàwó ń retí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.