Ìwé, Àmì àti Ọwọ́ Olùkọ́ Nínú Ìtàn Origami

Ìfáàrà

Ojú eré ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo bébà kíká, èyí tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní origami. Ori ni kíká, kami sì ni bébà. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ gbé ìbéèrè pàtàkì kan dìde fún ẹni tí ó ń wádìí ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́: bí a bá kọ ohun tí ọwọ́ mọ̀ sínú ìwé, ǹjẹ́ ìwé yóò gba ipò olùkọ́? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìwé kò gba ipò olùkọ́ nínú ìtàn origami. Ńṣe ni ó sọ olùkọ́ di púpọ̀.

Ṣáájú Ọdún 1954

Ní ọdún 1797 ni wọ́n tẹ Senbazuru Orikata jáde ní ìlú Kyoto. Òun ni ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ìwé tí a mọ̀ lórí bébà tí a ń ká fún ìgbádùn. Ọ̀nà 49 ni ó fi hàn tí a lè gbà gé bébà kan ṣoṣo, kí a sì ká a di ọ̀wọ́ ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní tsuru, tí àwọn ẹyẹ náà yóò so mọ́ ara wọn láìjá. Ibi tí a ó ti gé bébà àti bí ẹyẹ yóò ṣe rí ni àwòrán inú ìwé náà fi hàn jù. Àlàyé ìgbésẹ̀ kò tó nǹkan. Ó hàn pé ẹni tí ó ti mọ bí a ṣe ń ká ẹyẹ kan ni wọ́n ṣe é fún.

Yoshizawa àti Àmì Rẹ̀

Akira Yoshizawa (1911–2005) ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, tí ó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní jọ́mẹ́tírì, bébà ni ó ń ká láti fi là á yé wọn. Ní 1937, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí origami. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà nínú àìní, tí ó ń kiri oúnjẹ láti ojúlé dé ojúlé.

Ní 1954, ìwé rẹ̀, Atarashii Origami Geijutsu, jáde. Àmì ni ó fi ṣe àlàyé níbẹ̀: ìlà tí a gé sí wẹ́wẹ́ dúró fún ìṣẹ́po tí ó wọnú bí àfonífojì, èyí tí ó ní àmì bí ìdánudúró láàrin dúró fún ìṣẹ́po tí ó yọ sókè bí orí òkè, ọfà sì ń tọ́ka ibi tí bébà yóò lọ. Robert Harbin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Samuel Randlett ní Amẹ́ríkà mú àmì wọ̀nyí lò, wọ́n sì fi kún wọn. Báyìí ni ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànù ṣe lè ká ohun tí ará Jàpáànù dá.

Ayọ̀ Àjọpín

Síbẹ̀, àmì nìkan kọ́ ni ó gbé origami dé òkèèrè. Gershon Legman ni ó ṣètò àfihàn iṣẹ́ Yoshizawa ní Stedelijk Museum, Amsterdam, ní 1955. Lillian Oppenheimer (1898–1992) dá Origami Center sílẹ̀ ní New York ní 1958. British Origami Society sì tẹ̀ lé e ní 1967. Ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, bí àwòrán bá ta kókó, ẹni tí ó mọ̀ a mú bébà tirẹ̀, a sì fi han ẹnì kejì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fa ìrù ẹyẹ tí ó ká, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín a sọ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Yoshizawa pàápàá kì í ta iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fi tọrẹ ni, tàbí kí ó yá ni fún àfihàn.

Àgbálọgbábọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti olùkọ́ rí nínú ìtàn yìí: ìwé gbé ìmọ̀ kọjá odò àti èdè, olùkọ́ sì sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùwádìí iṣẹ́ ọnà ni pé, bí ó bá ya àwòrán ohun tí a ti ṣe parí, tí kò kọ bí a ṣe ń fi kọ́ni sílẹ̀, ààbọ̀ ìmọ̀ ni ó tọ́jú.